Tamiya, Revell, AMT tàbí Italeri: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Orúkọ iléeṣẹ́ mẹ́rin yìí ni ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré onike tí a ń fọwọ́ ara ẹni tò, máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Àwòrán orí páálí gbogbo wọn ló ń dán. Ohun tó wà nínú páálí ló yàtọ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi gé ike àkọ́kọ́ kúrò lára férémù tí àwọn ẹ̀yà so mọ́. Kí a sọ ojú abẹ níkòó: owó tí páálí pọ́ọ́kú bá bá yín dín, pútì, sánpépà àti ọ̀pọ̀ wákàtí ni yóò fi gbà á padà.

Ìwọ̀n: 1/24 àti 1/25

Tamiya ti Japan àti Italeri ti Ítálì ń ṣe 1/24, ìyẹn ni pé a pín ìwọ̀n ọkọ̀ gidi sí 24. AMT ti Amẹ́ríkà ń ṣe 1/25. Revell ń ṣe méjèèjì. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 4.8 lójú títì yóò jẹ́ mìlímítà 200 ní 1/24, yóò sì jẹ́ 192 ní 1/25. Bí ẹ bá tò wọ́n sórí ṣẹ́ẹ̀fù, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì páálí kan sínú òmíràn ni mìlímítà 8 yẹn máa ń di ọ̀rọ̀: rédíétọ̀ yóò ti bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, kò sì ní dé. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò máa pààrọ̀ ẹ̀yà láàárín páálí, kí ó mú ìwọ̀n kan, kó má kúrò níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí

Ẹ̀yà Tamiya máa ń wọ ara wọn. Rọ́bà kékeré kan wà tó ń jókòó sínú rííìmù kí táyà lè máa yí, àwọn páálí tuntun sì máa ń ní bébà alẹ̀mọ́ tí ẹ ó gé láti fi bo gíláàsì nígbà tí ẹ bá fẹ́ kun etí rẹ̀ ní dúdú. Ẹ̀dùn ọkàn tó wà níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ́ńjìnnì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ṣí. Bí ẹ bá dojú ọkọ̀ dé, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ ó rí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí kí ẹ tó sanwó: bí ó bá ní ẹ́ńjìnnì, wọn yóò ya á síbẹ̀. Ẹ wo sítíárìn pẹ̀lú. Apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ Japan máa ń wà, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà ti kúrò ní irú ìyẹn láti 1972. Ẹni tó fẹ́ to irú Toyota tí wọ́n ń wà ní Ìbàdàn, kó rí i dájú pé dáṣíbọ́ọ̀dù olósì wà nínú páálí.

Ti Revell gba ìwádìí. Wọ́n ní mọ́ọ̀dù (irin tí wọ́n ń da ike sí kó lè di ẹ̀yà) tuntun tó dára gan-an, tó ní ẹ́ńjìnnì kíkún àti ṣaasí tó ní ẹ̀yà púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń kó mọ́ọ̀dù àtijọ́ ti Monogram, iléeṣẹ́ tó ti da pọ̀ mọ́ Revell, sínú páálí tuntun, tí ọjọ́ orí ike inú rẹ̀ á ju ti ẹni tó ń rà á lọ. Ẹ tẹ nọ́ńbà páálí náà sórí ìkànnì Scalemates. Yóò fi ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe mọ́ọ̀dù náà hàn yín.

AMT ló ní àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ jù lọ, púpọ̀ nínú páálí wọn ló sì jẹ́ mẹ́ta nínú ẹyọ kan: ẹ lè tò ó bó ṣe ti iléeṣẹ́ jáde, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di ti eré ìje, tàbí ti oge. Ìṣòro rẹ̀ ni pé mọ́ọ̀dù ti gbó. Ike tínrín máa ń yọ létí gbogbo ẹ̀yà, ẹ ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ páálí tó ti pẹ́ lọ́jà lẹ rà, ẹ yọ táyà síta lọ́jọ́ tó bá dé, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀: òróró inú táyà náà máa ń jẹ ike, ó sì lè yọ́ wọ gíláàsì tàbí bọ́dì tó bá fara kàn. Bí ike bọ́dì bá pupa tí ẹ sì fẹ́ kùn ún ní funfun, ẹ kọ́kọ́ fọ́n ọ̀dà fàdákà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pupa náà yóò máa là jáde títí tí funfun yóò fi di píǹkì.

Fún ẹni tó ń tò fún ìgbà àkọ́kọ́, Tamiya tí kò lẹ́ńjìnnì ni. Kíkun bọ́dì ni iṣẹ́ tó le jù, ẹ jẹ́ kí ìyẹn nìkan jẹ́ wàhálà yín. Fún ẹni tó jẹ́ pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wù ú, Revell tí mọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tíì gbó. AMT lè jẹ́ ìkẹta tàbí ìkẹrin.

Bọ́ńpà tó ń dán

Ibí yìí ni wọ́n ti ń dá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀gá. Àwọn ẹ̀yà Revell àti AMT tó ń dán wà lórí férémù tí wọ́n ti fi irin tínrín bò. Gọ́ọ̀mù kì í mú irin yẹn. Ẹni tó bá lẹ bọ́ńpà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ yóò bá a nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ibi tó máa kan bọ́dì títí ike yóò fi hàn, kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Ibi tí ẹ ti gé e kúrò lára férémù yóò ní ojú àpá. Bírò Molotow Liquid Chrome onímìlímítà 1 bò ó dáadáa, bí ẹ kò bá ti fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn tó bá gbẹ.

Bí ìlà ìsopọ̀ bá la àárín bọ́ńpà kọjá, kò sí bírò tó lè gbà yín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì aláṣọ, irin náà yóò ṣí. Ẹ fi sánpépà tẹ́ ìlà náà, ẹ kùn ún ní dúdú tó ń dán, lẹ́yìn náà kí ẹ fọ́n Alclad, ọ̀dà tó ń dán bí irin, sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí dúdú ìsàlẹ̀ kò bá dán bíi dígí, eérú lẹ ó rí.

Okùn púlọ́ọ̀gì

Okùn púlọ́ọ̀gì gidi nípọn tó mìlímítà 8. Pín in sí 25: 0.32. Ẹ wá wáyà 0.3 sí 0.35, èyí tó wà nínú ẹ́ẹ̀rífóònù tó ti bàjẹ́ máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì V8 ń fẹ́ mẹ́sàn-án: mẹ́jọ fún púlọ́ọ̀gì, ọ̀kan láti kọ́ìlì. Ẹni tó bá lo wáyà 0.5 ti fi okùn tó nípọn tó mìlímítà 12.5 sára ẹ́ńjìnnì, bíi rọ́bà omi ló sì máa rí. Wọ́n ń ta dísítríbútọ̀ (ibi tí okùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti ń jáde) tí wọ́n ti so wáyà mọ́. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n lílu ihò mẹ́sàn-án sórí ike tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kì í ṣe eré ọmọdé.

Tírélà

Peterbilt 359 ti AMT ní 1/25, tàbí Scania, Volvo, DAF ti Italeri ní 1/24? Orí tírélà Amẹ́ríkà yẹn ní táyà 10, ti Yúróòpù máa ń ní 6. Tírélà tí orí ń fà kì í sí nínú páálí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á.

Níbi ṣaasí ni méjèèjì ti ń bà jẹ́, ìdí kan náà ló sì ń fà á. Irin gígùn méjì ni, pẹ̀lú àwọn ìdábùú láàárín. Bí ọ̀kan bá lọ́ díẹ̀, táyà kan yóò wà lókè nígbà tí ìyókù bá wà nílẹ̀. Ẹ to ṣaasí lórí gíláàsì fèrèsé tó tẹ́jú. Kí gọ́ọ̀mù tó le, ẹ fi táyà sí i láìlẹ̀ ẹ́, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e lórí, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Italeri tún ní ìṣòro kan tirẹ̀: ní púpọ̀ nínú wọn, ògiri, ẹ̀yìn àti òrùlé ilé awakọ̀ wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lẹ wọ́n pọ̀, ẹ fi pútì dí ojú ìsopọ̀, kí ẹ tó kun ohunkóhun. Italeri ni mo máa fún ẹni tó fẹ́ tírélà àkọ́kọ́, nítorí pé ike tó máa ṣe kò pọ̀ tó ti Peterbilt.

Ọ̀dà

Agolo Tamiya tí a kọ TS sí ni ti ike yìí. PS kì í ṣe tirẹ̀: ti bọ́dì ọkọ̀ eré onírímóòtù ni, ó sì máa ń jẹ ike mọ́dẹ́ẹ̀lì. Àwọn agolo náà jọra lórí àtẹ, nítorí náà ẹ ka lẹ́tà kí ẹ tó mú un.

Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ bọ́dì. Ẹ yí i lábẹ́ iná títí ìlà tó gba orí fẹ́ńdà kọjá yóò fi hàn, ẹ fi sánpépà 600 pa á, kí ẹ fi 1000 tẹ̀ lé e. Práímà, lẹ́yìn náà ọ̀dà tínrín mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ fífọ́n kí ẹ tó dé orí bọ́dì, kí ẹ sì kọjá rẹ̀ kí ẹ tó dá a dúró. Ibi tí ìka bá ti bẹ̀rẹ̀ tàbí dúró ni ọ̀dà ti ń ṣàn. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ bá rin, ọ̀dà TS máa ń gbẹ pẹ̀lú ìkùukùu funfun lójú. Ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá yọ.

TS-13, èyí tó ń fúnni ní dídán, máa ń jẹ àwòrán alẹ̀mọ́ tí ẹ bá dà á lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ fọ́n bí ìrì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó fọ́n èyí tó rin. Ẹ má sì fi TS sórí ọ̀dà ẹ̀námẹ́ẹ̀lì láé, yóò wú bí awọ tí iná rà. Ẹ̀námẹ́ẹ̀lì lórí TS kò léwu.

Bí ẹ bá ń rà láti òkè òkun, ẹ rántí pé wọn kì í gba agolo afọ́n nínú ẹrù ọkọ̀ òfuurufú lásán. Ọ̀dà inú ìgò tí kì í gbaná ló lè dé, ìyẹn sì ń fẹ́ ẹ̀rọ afọ́n àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti iná fóòtì 120. Bí ẹ bá fi í sínú iná Nàìjíríà láìsí tiransífọ́mà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò ṣiṣẹ́.