Bẹ́ẹ̀kì Yamaha 4C fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ klarinẹ́ẹ̀tì: ohun tí ojú mi rí ní Àjàṣẹ́

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní fèrè nínú ẹgbẹ́ fáńfáà wa níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Trompẹ́ẹ̀tì kì í fún mi ní wàhálà púpọ̀. Klarinẹ́ẹ̀tì ló ń pa ọmọ lẹ́kún. Àwọn ọmọ ni mo sì ń bá wí láti ìgbà yìí wá, láìmọ̀ pé bẹ́ẹ̀kì tó wà lẹ́nu wọn ni kò dáa.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀kì ni ibi tí à ń fi sẹ́nu lára klarinẹ́ẹ̀tì. Òun la máa ń de ánṣì mọ́, ìyẹn pẹlẹbẹ esùsú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n tí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ánṣì àti ṣóńṣó bẹ́ẹ̀kì kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tó bá fẹ̀ jù, apá ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní ká a. Tí ṣóńṣó náà bá sì wọ́, fèrè á kàn máa han fíìn-fíìn ni.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ra klarinẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ara fèrè náà dáa, àmọ́ bẹ́ẹ̀kì tó bá a wá kò ní orúkọ kankan lára. Oṣù méjì gbáko, gbogbo ìgbà tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń fi àtàńpàkò òsì tẹ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn kí ohùn lè bọ́ sókè, fèrè á han. Lọ́jọ́ kan ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Tọ́ńtọ̀n, bóyá ẹnu mi ni kò dáa." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn.

Mo gba bẹ́ẹ̀kì náà, mo gbé e sójú fèrèsé. Ṣóńṣó rẹ̀ ti kán ní igun kan, bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́. Mo tẹ́ ojú rẹ̀ tó tẹ́jú lé dígí, ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wá fi bẹ́ẹ̀kì àti òpó kúkúrú tó tẹ̀ lé e nìkan fọn. Ohùn tó yẹ kó jáde ni fá díẹ́sì, ìyẹn fá tí a gbé sókè díẹ̀, bí ẹ bá fi dùùrù wò ó. Tiẹ̀ ń mì, kò dé fá gan-an. Mo bọ́ ọ kúrò, mo fi Yamaha 4C tó wà lọ́wọ́ mi sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ náà sọdá sí ohùn òkè. Ó wò mí, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe.

18.000 fáráńkì ni mo ra tèmi. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti bá oníṣòwò kan ra ọ̀kan tí wọ́n kọ Yamaha sí lára. Mo fi àtàńpàkò ra orúkọ náà, ó sì ń pa rẹ́. Ẹ fi ìka yín dán ti yín wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mú ánṣì tiyín dání lọ.

Mo ti ṣe àṣìṣe kan tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe. Ọmọkùnrin kan ni mo ra bẹ́ẹ̀kì Vandoren B45 fún, torí gbogbo àwọn tó mọ fèrè fọn ló ń yìn ín. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, òun ni mò ń fọn. Àmọ́ àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,195. Ti 4C kò ju 1,05 lọ. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ètè ọmọ náà ti rẹ̀, ó ti ń fi eyín ge ánṣì mọ́ bẹ́ẹ̀kì kí ohùn má bàa já. Bẹ́ẹ̀ owó B45 kan tó ra 4C mẹ́ta. Ẹ fi pamọ́ dè é, ìgbà tirẹ̀ ń bọ̀.

4C náà ní àbùkù. Kọ́ọ̀kì ìdí rẹ̀ tín-ín-rín jù fún fèrè tòkunbọ̀ tiwa, ó ń mì. Òwú ni mo fi wé e kó tó dúró. Ike rẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ eyín, bẹ́ẹ̀ ni eyín ń tètè jẹ ẹ́, torí náà ẹ lẹ awẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tí ọmọ bá sì ti lágbára, ohùn òkè rẹ̀ á dà bíi pé ó gbẹ, kò ní ara. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ fún òbí pé kó wá bẹ́ẹ̀kì Vandoren 5RV Lyre, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1,095.

Ánṣì tó bá a mu ni nọ́ńbà 2 tàbí 2½; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ánṣì ṣe le tó. Ẹni tó bá fún ọmọ tuntun ní 3, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, ṣóńṣó ánṣì máa ń ká wúruwùru; ẹ rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀ kí ẹ tó fọn.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ bẹ́ẹ̀kì. Ìyá ọmọ kan fẹ́ pa kòkòrò, ó da omi gbígbóná sórí Vandoren mi kan. Rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ike. Ó pọ́n, ó ṣe ràkọ̀ràkọ̀, òórùn imí ọjọ́ ń tú jáde lára rẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi 4C rẹ̀ tẹ̀ lé wa jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira. Aṣọ ìnujú ló fi ń wé e báyìí, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fi ẹnu kàn án, títí kan èmi.