Àyẹ̀wò VFAT: Orúkọ Gígùn Nínú Ètò Tí Kò Fàyè Sílẹ̀ Fún Un

FAT, ètò ìtò fáìlì sórí dísíìkì tí DOS (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti Microsoft ṣáájú Windows) ń lò, kì í gbà ju lẹ́tà 8 lọ fún orúkọ fáìlì, àti 3 péré lẹ́yìn àmì ìdúró. Nígbà tí Windows 95 jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995, Microsoft fi VFAT sínú rẹ̀, èyí tí ó gba orúkọ tó gùn tó lẹ́tà 255 láì sọ dísíìkì àtijọ́ di aláìwúlò. Ọ̀pọ̀ flash tí a ń rà lọ́jà ṣì ń lo ìlànà yìí, nítorí náà àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì pẹ́ jù.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá síbẹ̀ wú mi lórí. Wọ́n ń gé orúkọ gígùn sí ègé, lẹ́tà 13 nínú ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tò wọ́n ṣáájú orúkọ kúkúrú nínú àkójọ fódà, tí ègé ìparí ń ṣíwájú. Ègé kọ̀ọ̀kan ń ru àmì mẹ́rin pọ̀: pé a kò gbọdọ̀ kọ nǹkan lé e, pé ó pamọ́, pé ti ètò ni, àti pé orúkọ dísíìkì ni. Irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yé DOS, nítorí náà ńṣe ló ń fò ó kọjá, orúkọ kúkúrú bíi PROGRA~1 nìkan ló sì ń rí.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Irinṣẹ́ DOS tó ń tún dísíìkì tò lè ba orúkọ gígùn jẹ́ pátápátá, débi pé Microsoft fi irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ LFNBK sínú CD Windows 95 kí ènìyàn lè kó àwọn orúkọ náà pamọ́ ṣáájú. Bákan náà, fódà àkọ́kọ́ lórí FAT16, ẹ̀yà FAT ìgbà náà, sábà máa ń ní àyè 512, orúkọ tó gùn jù lọ sì ń gba 21 nínú rẹ̀ (20 fún àwọn ègé, ọ̀kan fún orúkọ kúkúrú); fáìlì 24 péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, bí dísíìkì tilẹ̀ ṣófo. FAT32, ẹ̀yà tó tẹ̀lé e, ló mú òpin yẹn kúrò.

Ní ti àwa tí ń fi àmì ohùn kọ orúkọ fáìlì, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé VFAT lawọ́ sí wa ju ext4, ètò ìtò fáìlì ti Linux, lọ. Bí lẹ́tà méjì péré ni VFAT ń ka «ọ̀» nínú 255 rẹ̀ (ọ̀kan fún «ọ», ọ̀kan fún àmì ohùn), nígbà tí ó ń gba báìtì 5 nínú báìtì 255 ti ext4. Orúkọ tí ó kún fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò dé 127 lórí flash, ṣùgbọ́n 51 ni yóò ti dúró lórí Linux. Ẹni tó bá fẹ́ kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láti orí flash sórí Linux, kí ó kọ́kọ́ gé àwọn orúkọ náà kúrú, nítorí Linux kò ní gba èyí tó bá ti kọjá báìtì 255.