Físà working holiday àti ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ṣe tíṣà ní Osaka: ọ̀kan gba ìràwọ̀ mẹ́rin, ìkejì gba méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé báwo ni iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Japan ṣe rí, mo sì ń sọ pé kí inú tó ń bí mi lọ sílẹ̀ ná kí n má baà sọ̀sọkúsọ. Ó ti lọ sílẹ̀ wàyí, ìyẹn díẹ̀. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ má pa wọ́n pọ̀ o: físà working holiday fúnra ẹ̀, ìyẹn físà tó ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ lọ ṣe ìsinmi nílẹ̀ òkèèrè kó sì máa fi iṣẹ́ gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, àti ilé ẹ̀kọ́ tí mo fi físà yẹn ṣiṣẹ́ fún. Físà, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ilé ẹ̀kọ́, méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ni méjèèjì, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ò ní ìkankan níbẹ̀.

Páspọ́ọ̀tì Ìlú Ọba ni mo fi gba físà tèmi. Páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà ò lè gbà á, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan lórí lísìtì Japan, kódà Amẹ́ríkà pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀ ò sí níbẹ̀, torí náà tí èjẹ́ntì kan bá sọ pé òun máa fi páspọ́ọ̀tì aláwọ̀ ewé bá yín ṣe é, ẹ di àpò yín mú kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yìí pẹ̀lú Australia, lẹ́yìn náà ni New Zealand, Kánádà, Faransé, Jámánì, Ìlú Ọba, Ireland àti àwọn mìíràn wá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ orí yín gbọ́dọ̀ wà láàárín 18 sí 30 lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀.

Wọn ò gba owó físà lọ́wọ́ mi, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí ẹ́ńbásì fẹ́ rí ni owó nínú àkáǹtì, lásìkò tèmi £2,500 ni, àbí £1,500 tí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀, pẹ̀lú ìwé kan tí ẹ máa kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ lọ àti ètò ibi tí ẹ máa dé láti oṣù dé oṣù. Ibi ètò yẹn ni kí ẹ ti fara balẹ̀ o. Ìsinmi ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá físà yìí sílẹ̀, iṣẹ́ kàn wà níbẹ̀ kí ebi má baà pa yín lójú ọ̀nà ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ látòkè délẹ̀ pé iṣẹ́ tíṣà lòun ń bọ̀ wá ṣe ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ara ẹ̀. Èmi kọ òkè, mo kọ odò, mo kọ tẹ́ńpìlì Kyoto, mo kọ yìnyín Hokkaido, mo wá rọra ti iṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi fún un ní mẹ́rin? Torí pé kò so èèyàn mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Àwọn tíṣà tó wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ gidi, wọ́n ti béèrè dìgírì yunifásítì lọ́wọ́ wọn, ilé iṣẹ́ ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, tí ọ̀gá bá ń fi ojú wọn gbolẹ̀ wọ́n á máa ro ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n tó là ẹnu. Èmi? Kò sẹ́ni tó bi mí ní dìgírì níbi físà, bí mo bá sì ti rí i pé ibi kan ò dáa, màá gbé báàgì mi, físà mi ṣì wà nínú páspọ́ọ̀tì mi gbọin-gbọin. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé ọtí, ilé ijó alẹ́ àti ilé tẹ́tẹ́, ìwọ̀nba nǹkan ni wọ́n ní kí ẹ má ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ mi kan gba working holiday ti South Korea, H-1 ni wọ́n ń pè é, ó ti dé Seoul kó tó mọ̀ pé físà yẹn ò gba kí èèyàn kọ́ni lédè rárá, E-2 ló wà fún ìyẹn, ni ọmọbìnrin bá lọ ń po kọfí. Australia ní tiwọn, ẹ ò ní lè ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo àyàfi tí ẹ bá gbàyè. Nítorí náà ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ, ẹ má fi ti Japan wọn tibòmíràn.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ lára físà, owó orí ló fà á. Èèyàn tí ò ní gbé tó ọdún kan, wọ́n sábà máa ń kà á sí àlejò níbi owó orí, 20.42% ni wọ́n sì ń gé lára gbogbo owó tó bá wọlé, kò sí pé owó ẹ kéré kò sí pé o ń tiraka. Owó oṣù mi lórí ìwé jẹ́ 230,000 yen. Ohun tó wọ báńkì ni 183,034. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i mo rò pé wọ́n ṣèṣì ni, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo lọ bá tíṣà kejì mi tó jẹ́ ará Australia, òun náà kàn rẹ́rìn-ín, ó ní káàbọ̀.

Ó dáa, ilé ẹ̀kọ́ wá.

Eikaiwa ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sísọ lẹ́nu. Ẹ má ro ó bí ilé ìwé tí àgbàlá wà níwájú ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì létí ibùdó rélùwéè, wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín yàrá ńlá kan sí kékeré-kékeré, tábìlì kan, àga méjì tàbí mẹ́rin, tí tíṣà yàrá kejì bá wúkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tìrẹ á ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n pọ̀ bí eṣú ní Japan, àwọn kan ní ẹ̀ka káàkiri, tèmi ò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Intafíù orí kọ̀ǹpútà ni a ṣe. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí n lẹ fọ́tò mọ́ CV, ìyẹn ò jọ mí lójú torí àṣà wọn ni níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó á tó ẹni àádọ́ta ọdún wá sọ fún mi pé òun ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, kí n kọ́ òun ní orúkọ èso. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń fọ́n imú, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo kọrin, mo jó, mo fi ọsàn ṣeré lójú kámẹ́rà. Wọ́n gbà mí lọ́jọ́ kejì. Ká má parọ́, òun ni intafíù tó dùn jù tí mo ṣe rí láyé mi.

Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí mo dé tí wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, wákàtí 29.5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo rò pé àánú ni, iṣẹ́ kékeré, àkókò fàájì púpọ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ìdajì wákàtí yẹn lóhun tó ń ṣe: ní ilé iṣẹ́ tí ò tóbi bíi tiwa, ẹni tó bá ti ń ṣe bíi 30 lọ́sẹ̀ nínú 40, ilé iṣẹ́ ní láti bá a dá sí owó ìṣègùn àti ìfẹ̀yìntì, ni wọ́n bá jẹ́ kí tèmi ku díẹ̀ kó tó 30. Èmi náà wá lọ ń san ti ìṣègùn fúnra mi ní ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò. Tí ẹ bá sì rò pé wákàtí 29.5 ni mo ń lò níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ ṣì ń ṣeré. Kíláàsì ìṣẹ́jú 40 nìkan ni wọ́n ń kà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wà láàárín, tí mo fi ń kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sínú fáìlì ẹ̀, tí mo fi ń nu tábìlì, tí mo fi ń wá àwòrán fún kíláàsì tó kàn, wọ́n ní ìsinmi nìyẹn. Mo ń dé ní agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, mo ń jáde ní mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Èyí tó tún burú ni taiken, kíláàsì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń fa oníbàárà. Tíṣà lẹ pè mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn mo ti di olùtajà. Tí ẹni náà bá lọ láìfọwọ́ sí ìwé, mánéjà á pè mí sẹ́yìn, á ní bóyá n ò rẹ́rìn-ín tó. Obìnrin ni mánéjà yìí, òun náà wà lábẹ́ ẹni tó ń fún un lọ́rùn, mo mọ̀, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dùn mí. Ìyá ọmọ kan béèrè lọ́jọ́ kan bóyá òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè mi, ojú mi ló ń wò bó ṣe ń béèrè. Mánéjà wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ mìíràn kí n tètè dárúkọ London kí wọ́n tó bi mí, kí n sì má dárúkọ ibòmíràn. Lórí ìwé ìpolówó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin onírun wúrà kan ló wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, mo bi gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, áà. Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo Thursday ló ń wá, rélùwéè nìkan ló fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ó mọ ọdún tí wọ́n ṣí ojú irin Shinkansen àkọ́kọ́ láàárín Tokyo àti Osaka, 1964, ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́mọdé. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń fì bí ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n tó bá ti kan enjíìnì ó ti ń sáré. Òun ló kọ́ mi ní hashi. Ní Tokyo, bí wọ́n bá gbé ohùn sókè níbẹ̀rẹ̀, igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ni, bó bá wá sókè níparí, afárá ni, àwọn ará Osaka sì yí i padà, afárá ló wà lókè níbẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Ó ti múra sílẹ̀ pé màá daamú bíi ti gbogbo tíṣà tó ti ń kọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ẹni tó ti gbọ́ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré, kí ni tibẹ̀ tó máa ṣòro? Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pátákó fún un, ó wo wọn, ó wo mí, ó ní kí n tún un pè. Kíláàsì ọjọ́ yẹn, Yorùbá la ṣe, ẹ má sọ fún mánéjà.

Oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀ ni mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo fún wọn ní oṣù kan ṣáájú, lórí ìwé, mo parí gbogbo kíláàsì mi. Owó ìgbẹ̀yìn dé, wọ́n ti yọ 50,000 yen, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn pé ẹni tó bá lọ kí oṣù mẹ́fà tó pé máa san án. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ti fọwọ́ sí i bí ẹní fọwọ́ sí ìwé ìkíni. Àmọ́ òfin iṣẹ́ Japan, abala 16, sọ pé ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ kọ owó ìtanràn sínú àdéhùn fún ẹni tó bá já a. Ẹ fi abala yẹn sórí. Mo kó ìwé mi lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin iṣẹ́, Rodo Kijun Kantokusho ni wọ́n ń pè é, wọn ò gba kọ́bọ̀, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí fóònù, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ kí n sì dárúkọ abala náà. Mo kọ ọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí owó fi wọlé, kò sí ẹ máa bínú, kò sí ẹ kú iṣẹ́.

Nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́: káàdì ìgbélùú, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń fún yín, kí ẹ lọ fi àdírẹ́sì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àdúgbò kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn tí ẹ bá ríbi gbé. Share house ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, ilé gidi máa ń béèrè onígbọ̀wọ́ àti owó ẹ̀bùn onílé tí kì í padà wá. JR Pass, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ rélùwéè káàkiri Japan, àwọn tó wá wòran nìkan ló wà fún, físà wa ò gbà á, mo sunkún. Kí ẹ sì ní owó oṣù méjì lọ́wọ́ nígbà gbogbo: Nova, tó tóbi jù nínú eikaiwa nígbà yẹn, wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà ni owó oṣù wọn há síbẹ̀, Geos náà tẹ̀lé e ní 2010.

Ẹni tó bá ní dìgírì tó sì fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà gbé ibẹ̀ pẹ́, kó lọ gba físà iṣẹ́ lọ́gán. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kan rìn kó sì máa fi kíláàsì ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, working holiday ni tiẹ̀. Oṣù tó kù fún mi, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ṣe níbi kékeré kan tí tọkọtaya kan dá sílẹ̀, wákàtí tí mo bá lò ni wọ́n ń kà, títí kan ìgbà tí mo ń nu tábìlì.

Mo gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn kọjá lọ́sẹ̀ tí mo ń bọ̀ nílé. Wọ́n ṣì ń wá tíṣà. Obìnrin onírun wúrà ṣì ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.