M.Ed ní yunifásítì ojúkojú tàbí ní NOUN: ìfiwéra fún olùkọ́ tó ń wo àga pírínsípà

Ọ̀pọ̀ pírínsípà ló wà lórí àga lónìí tí kò ní M.Ed, dígírì kejì nínú ẹ̀kọ́. Dígírì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́, ìforúkọsílẹ̀ TRCN (àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀), ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti Level tí wọ́n wà ló gbé wọn débẹ̀. Kí ló wá dé tí a ṣì ń náwó lé M.Ed lórí? Àga ni kò tó. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí 65, ó sì gbé ọdún iṣẹ́ sí 40. Ní ìpínlẹ̀ tó bá ti gba òfin yìí wọlé, pírínsípà tó yẹ kó gba ilé lọ ní ẹni 60 ọdún á ṣì wà nínú ọ́fíìsì, ẹ̀yin tí ẹ tò sẹ́yìn rẹ̀ á sì máa dúró. Nígbà tí àga kan bá wá ṣí, tí ìgbìmọ̀ TESCOM (àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé girama) pe ogún èèyàn tí gbogbo wọn ní B.Ed, tí gbogbo wọn ti ṣe igbákejì pírínsípà rí, wọ́n á máa wá ohun tí wọn yóò fi yan ọ̀kan. Níbẹ̀ ni M.Ed ti ń wúlò. Ní Èkó, níbi tí àkàbà náà ti ga dé Tutor-General tó ń darí ẹkùn ètò ẹ̀kọ́, ó tún wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń fi owó oṣù ara rẹ̀ san owó ilé-ìwé, ni mo kọ èyí fún. Ẹni tí ìjọba fún ní ìsinmi ẹ̀kọ́ pẹ̀lú owó oṣù kò nílò ìmọ̀ràn mi, kó lọ síbi tó bá wù ú, kó sì máa dúpẹ́. Ní tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ M.Ed nínú ìṣàkóso ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kan tí n ò ní dárúkọ, àmọ́ NOUN, yunifásítì tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, ni mo ti gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ PGDE, díplómà iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dígírì, kúrò lọ́nà. Bó bá jẹ́ B.Sc. tàbí B.A. lásán lẹ ní, tí kò sí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ nínú rẹ̀, PGDE ló kàn yín báyìí, M.Ed á tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Ìhà méjèèjì ló ní in.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ètò ẹ̀kọ́, ọrọ̀ ajé nínú ẹ̀kọ́, àbẹ̀wò àti àbójútó ilé-ìwé, ìṣàkóso òṣìṣẹ́, ọ̀nà ìwádìí, statistics tó máa ń gbà wá lóorun, àti iṣẹ́ ìwádìí tó ní orí márùn-ún níparí. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, mọ ìhà méjèèjì. TRCN kò sì bèèrè ibi tí ẹ ti gbà á, M.Ed yóò gbé yín láti ẹ̀ka C (ti dígírì àkọ́kọ́) lọ sí ẹ̀ka B (ti dígírì kejì), ibi yòówù kó ti wá.

Ọjọ́ tí ìwé bá jáde ni gbogbo ẹjọ́ náà wà.

Kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a bá ń ra fọ́ọ̀mù. Wọ́n á sọ iye owó, wọ́n á sọ orúkọ ilé-ìwé, wọ́n á ní ọdún kan àbọ̀ ni, ó pẹ́ tán ọdún méjì. Olùkọ́ tó ń wá ipò ń ra ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀ kí ọjọ́ íntáfíù tó pé. Bó bá dé lẹ́yìn íntáfíù, ẹ óò máa fi í dúró de òmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọdún tí òmíràn á wáyé.

Ẹ wo yunifásítì ojúkojú ti ìjọba àpapọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ìyanṣẹ́lódì ASUU (ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì) ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, inú oṣù kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí oṣù 17 nìyẹn láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹni tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 pẹ̀lú ìrètí ọdún méjì, ẹ bá mi ṣírò tirẹ̀. Mi ò dá àwọn olùkọ́ yunifásítì lẹ́bi o. Olùkọ́ ni èmi náà, mo mọ ohun tí owó oṣù tí kò wọlé máa ń ṣe fún ilé. Àmọ́ kàlẹ́ńdà TESCOM kì í bá ASUU yan iṣẹ́ lódì.

Síbẹ̀, ìyanṣẹ́lódì ṣì dára, torí gbogbo ayé ló mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Súpáfáísọ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tirẹ̀. Mo parí gbogbo kíláàsì, mo yege nínú ìdánwò, ó wá ku iṣẹ́ ìwádìí. Orí kẹta tí mo fi sílẹ̀ padà wá pẹ̀lú bíírò pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kí n yí ọ̀nà tí mo fi yan àwọn ilé-ìwé tí mo fẹ́ ṣèwádìí padà. Mo yí i padà. Nígbà tí mo tún gbé e lọ, bàbá náà yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ní kí ẹ yí i padà?" Mo ṣí ẹ̀dà àtijọ́, mo fi bíírò pupa wọn hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀, kí n padà wá. Ọjọ́ tí mo padà, ìwé kékeré ni mo bá lára ilẹ̀kùn: wọ́n ti lọ fún ìsinmi sabbatical. Ẹni tí wọ́n gbé mi fún lẹ́yìn wọn kò fẹ́ràn àkòrí mi rárá, ó ní kí n wá òmíràn.

Inú ìyẹn ni mo wà nígbà tí lẹ́tà íntáfíù dé. Ẹ mọ fọ́ọ̀mù yẹn, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ to ìwé ẹ̀rí yín àti ọdún tí ẹ gbà á. Mo kọ "M.Ed in view" (ìyẹn ni pé ó ń bọ̀ lọ́nà) sí i, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Alága ìgbìmọ̀ náà kà á sókè, wọ́n gbé jígí ojú wọn sísàlẹ̀, wọ́n ní: "Ọ̀gá tíṣà, ọdún wo lẹ ti ń view ẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó gba àga lọ́dún yẹn, a jọ wọ iṣẹ́ ni, M.Ed tiwọn ti wà nínú fáìlì.

Bí súpáfáísọ̀ bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, ọ̀nà ṣì jìn: olùdánwò láti òde, àtúnṣe lẹ́yìn rẹ̀, dídìpọ̀ ìwé, kí èsì gba ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, kó gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń gba dígírì kejì, kó dé Senate. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ìwé èsì tó jáde, sátífíkéètì ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù ní ibikíbi, ẹ lọ bá ẹni mẹ́ta tó parí láìpẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣe ìdánwò ìkẹyìn dé ọjọ́ tí èsì bọ́ sọ́wọ́ yín, oṣù mélòó ni?

NOUN wá ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì ASUU kì í ti ibẹ̀ pa. Nígbà tí àwọn yòókù jókòó sílé ní 2022, wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń ṣe ìdánwò. Ohun tó sọ mí di aráa wọn nìyẹn, kì í ṣe ìpolówó kankan. Sáà máa ń lọ bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, olùkọ́ tó bá sì lè ka ìwé fúnra rẹ̀ lè mọ nǹkan bí ìgbà tí òun máa parí.

Wàhálà tiwọn wà, àmọ́ ìwọ̀n tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yanjú ni. Ẹ óò kó owó sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì orí pọ́tà (ojúlé ilé-ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ óò sì máa san án fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Ẹni tó san ti kọ́ọ̀sì tó gbàgbé ti ìdánwò kò ní jókòó nínú gbọ̀ngàn, bó ti wù kó mọ̀wé tó. TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá orí íntánẹ́ẹ̀tì, gba 30 nínú 100, ó sì ní ọjọ́ tó máa ń parí. Ìdánwò ni 70 tó kù. Ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, torí gbogbo Nàìjíríà ló máa ń dúró di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ti iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀yin náà máa ní súpáfáísọ̀, èèyàn sì lòun náà. Ẹ tètè yan àkòrí, ẹ máa fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ bó bá ti parí, ẹ má kó márààrún pọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìyókù kò gba àkókò.

Owó: ẹ lọ wo pọ́tà ọdún yìí, ẹ má gba iye tí ọ̀rẹ́ bá sọ gbọ́. Kẹ́ ẹ sì ro owó ọkọ̀ mọ́ ti yunifásítì.

Ìrìn àjò: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Akọka ni àwọn yunifásítì ńlá wà. NOUN ní ibùdó ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì àti ibòmíràn. Olùkọ́ tó wà ní Ṣakí tí kíláàsì rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè ní UI (yunifásítì Ìbàdàn), ta ni yóò bá a gba kíláàsì SS3?

Ẹlẹgbẹ́: yunifásítì ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ óò jókòó ti igbákejì pírínsípà láti Ọ̀yọ́, ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, àlùfáà tó ní ilé-ìwé tirẹ̀. Àwọn tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni mo ṣì ń pè bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ní NOUN, PDF ni ẹlẹgbẹ́ yín, àfi bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ WhatsApp tó dáa.

Ilé ìkàwé: Kenneth Dike ní Ìbàdàn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní ibùdó NOUN kankan.

PhD: bó bá wà lọ́kàn yín láti di olùkọ́ni yunifásítì, ẹ lọ sí yunifásítì ojúkojú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ: àwọn àgbà kan ṣì ń pe NOUN ní ilé-ìwé lẹ́tà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó sì padà dé ní 2002, nítorí náà ó yé mi bí ẹni tó ti dàgbà ṣe ń fojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n inú ìgbìmọ̀ íntáfíù, "in view" láti ilé-ìwé olórúkọ ńlá kò lè bá sátífíkéètì tó wà lórí tábìlì jà.

Ohun kan tí méjèèjì kò kọ́ yín dáadáa ni iṣẹ́ pírínsípà fúnra rẹ̀. Ẹ lè gba A nínú ọrọ̀ ajé ẹ̀kọ́ kí ẹ má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lóògì búùkù, ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ilé-ìwé sí. Ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bá yọ sí yín lójijì, wọn ò ní bèèrè tíọ́rì. Lóògì búùkù, ìwé ìgbàwọlé ọmọ, rẹ́jísítà, ìwé ìjìyà àti ìwé àlejò ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ kó jáde. Bí olùkọ́ kan bá ń pẹ́ dé lójoojúmọ́ tó sì jẹ́ àbúrò kọmíṣọ́nnà, kò sí orí kan nínú ìwé M.Ed tó sọ bí ẹ ṣe máa kọ kúẹ́rì fún un. Nítorí èyí ni mo ṣe ń fi NIEPA kún un. Ìlú Oǹdó ni wọ́n wà, UNESCO ló bá ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ sí ìdásílẹ̀ wọn ní 1992, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń darí ilé-ìwé àti àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ sì ni iṣẹ́ wọn gan-an. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ kò lè rọ́pò M.Ed nínú fáìlì, ó kàn ń kún ibi tí M.Ed fi sílẹ̀ lófìfo. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ bẹ pírínsípà yín kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa kọ lóògì búùkù fún sáà kan.

Àwọn tó ń gbèrò japa, ẹ má ra M.Ed nítorí Lọ́ńdọ̀nù. Ní England, NPQH ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní fún ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá ilé-ìwé; wọ́n sọ ọ́ di dandan ní 2009, wọ́n sì yọ dandan náà kúrò ní 2012. Ẹ máa kọ́kọ́ gba QTS (ìwé àṣẹ iṣẹ́ olùkọ́ tiwọn) kẹ́nikẹ́ni tó ronú àga ọ̀gá fún yín níbẹ̀.

Ibo ni kẹ́ ẹ wá lọ? Mi ò ní sọ pé ọ̀kan dáa ju èkejì lọ. Bí ẹ bá ń gbé nítòsí yunifásítì, tí pírínsípà yín ń jẹ́ kẹ́ ẹ jáde lọ́sàn-án, tí ẹ ti mọ súpáfáísọ̀ kan tó ń dá iṣẹ́ padà, tí PhD wà lọ́kàn yín, tí íntáfíù ṣì jìnnà, ẹ lọ sí yunifásítì. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí bá yẹ̀, NOUN wà nítòsí.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ lẹ́tà sí TESCOM fún ìyọ̀ǹda kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, torí sátífíkéètì tí wọn ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè di ìjà nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lò ó fún ìgbéga. Nígbà tó bá sì jáde, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra yín, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí akọ̀wé tó gbà á lu òǹtẹ̀ àti déètì sí i lójú yín, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú tábìlì ẹ̀.