Títẹ Ìwé Ìrántí Àna Ní Ṣómólú: Ibi Tí Iṣẹ́ Wọn Ti Dára Àti Ibi Tó Kù Sí

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni bá papò dà, àna tó gba gbogbo ilé ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ ìyá, ìwé ìrántí ló máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí ẹbí máa náwó lé. Oúnjẹ á tán lọ́jọ́ náà, aṣọ ẹbí á ṣá, ìwé ni àwọn ọmọ máa ṣí lẹ́yìn ogún ọdún. Ní Èkó, Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé iṣẹ́ yìí lọ, ní agbègbè Ṣípẹolú àti Bájùláyè, níbi tí ẹni tó ń ta bébà, ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń ṣe lamínéṣọ̀n àti ẹni tó ń gé e ti múlé gbe ara wọn. Ọwọ́ wọn yá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé, pàápàá tó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ má fi lé wọn lọ́wọ́.

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni A5, mílímítà 148 ní ìbú, 210 ní gíga. Bébà inú tó dáa ni art paper, bébà tó ń dán, gírámù 135 tàbí 150 (bí gírámù bá ṣe pọ̀ tó ni bébà ṣe ń nípọn tó). Gírámù 115 dín owó kù, àmọ́ àwòrán tó bá dúdú á máa hàn fìrìfìrì lódì kejì. Gírámù 300 ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ṣe èèpo ìwé, kí lamínéṣọ̀n rẹ̀ má dán. Èyí tó ń dán máa ń gba iná gbọ̀ngàn, ojú olóògbé kò ní hàn dáadáa, ipa ìka ọwọ́ á sì kún ara rẹ̀.

Iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi 4 pín láìṣẹ́kù, torí bébà kan tí a ṣẹ́ po sí méjì, ojú ìwé mẹ́rin ló ń bí. Tí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ojú ìwé 30, méjì máa ṣófo, òdòdó ni wọ́n sì máa ń fi dí i. Ẹ tètè wá àwòrán olóògbé méjì sí i. Ẹ ṣírò bébà fúnra yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an: bébà SRA3 kan, bébà ńlá tó fẹ̀ ju A3 lọ díẹ̀, gba ojú ìwé A5 mẹ́jọ, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ìwé olójú ìwé 32 gba bébà 4 fún ẹ̀dà kan, ẹ̀dà 100 gba 400, pẹ̀lú bébà nínípọn 50 fún èèpo, nítorí pé ọ̀kan ń gba èèpo méjì. Díẹ̀ máa ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá wá pe 600, kó ṣàlàyé.

Bí ẹ̀dà kò bá tó 300, DI ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń gba fáìlì tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Láti 500 lọ sókè, pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, máa ń dín owó kù, ṣùgbọ́n ínkì rẹ̀ nílò àkókò láti gbẹ. Tí wọ́n bá fi ìkánjú gé e nígbà tó ṣì tutù, dúdú aṣọ tó wà nínú àwòrán á lẹ̀ mọ́ ojú ìwé tó kọjú sí i. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ni ìsìn àìsùn àti ìsìnkú sábà máa ń bọ́ sí, ìdí nìyẹn tí Ṣómólú fi máa ń há gádígádí lọ́jọ́rú. Ẹ jẹ́ kí fáìlì yín ti dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Tí àna bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á ti sin ín kí ẹnikẹ́ni tó rántí ìwé. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni ìwé tirẹ̀ wà fún, nítorí náà kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti pé ní ọjọ́ kẹta.

Àwòrán tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ lásán ti fún pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Èyí tó máa gba ojú ìwé A5 kan gbáko yẹ kó ní píksẹ́lì 1748 sí 2480. Àwọn fọ́tò àtijọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi scanner yà wọ́n ní 600 dpi (àmì 600 nínú ínṣì kan), torí tí ẹ bá fi fóònù yà á, iná á máa kọ mànà lórí ọ̀rá álíbọ́ọ̀mù. Awọ ara wa tún máa ń dúdú sí i lórí bébà ju bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà lọ. Kí dìsáínà gbé ìmọ́lẹ̀ ojú nìkan sókè díẹ̀, kó má sì bó o. Àna tó dúdú bí kóró iṣin, tí ìwé wá sọ di pupa, inú ìyàwó rẹ̀ kò ní dùn sí i.

Oríkì ni ibi tó máa ń dùn wá jù. Kò sí àmì kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn ló máa ń gùn ún lórí. CorelDRAW àtijọ́, ohun èlò kọ̀ǹpútà tí dìsáínà fi ń to ìwé, àti àwọn fọ́ǹtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kó méjèèjì pọ̀, ni àmì á bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo dúró sáàárín ọ̀rọ̀. Tí dìsáínà bá wá pa gbogbo àmì rẹ́ kí ojú ìwé lè mọ́, “ọkọ ẹ̀gbọ́n wa” á di “oko egbon wa” lójú gbogbo àlejò. Ẹ fi fọ́ǹtì Charis SIL, Doulos SIL tàbí Noto Serif tẹ oríkì náà sínú Word, ẹ fi PDF rẹ̀ kún un kó lè máa wò ó, ẹ sì ní kó yí ọ̀rọ̀ sí curves, ìyẹn kó sọ lẹ́tà di àwòrán, kó tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ẹ̀yin ilé ìyàwó bá kọ máa ń tẹ̀ lé ti ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ìyá olóògbé. Ojú ìwé kan gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 ní ìwọ̀n lẹ́tà 11. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un mọ́ 8 kó lè wọlé, àwọn àgbà kò ní lè kà á. “Èèyàn dáadáa ni” wà nínú gbogbo ìwé ìsìnkú. Ohun tó ṣe ni kí ẹ kọ: pé ó san owó WAEC àbúrò ìyàwó rẹ̀, pé ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ìyá ìyàwó lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún bí ẹni pé àná ni ìdána, pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pè tí wàhálà bá dé lóru.

Ẹ yẹ orúkọ àti déètì wò lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Orí fáìlì òkú ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ dìsáínà ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ àjèjì sì máa ń ṣẹ́kù sábẹ́ àwòrán tàbí nínú ètò ìsìn.

Pín onírin tí wọ́n fi ń di àárín ìwé lè di ojú ìwé bí 60 mú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, gọ́ọ̀mù ni, kí wọ́n sì ha ẹ̀yìn bébà kó rí ṣákaṣàka kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ art paper á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tẹ ìlà wọ ibi tí wọ́n máa ti ṣẹ́ èèpo, nítorí gírámù 300 tí kò ní ìlà máa ń sán. Kí ọ̀rọ̀ jìnnà sí etí ìwé tó mílímítà 10, torí ojú ìwé àárín máa ń yọ síta, òun ni ọ̀bẹ máa ń jẹ jù.

Ẹ san owó ẹ̀dà kan péré ṣáájú, tí wọ́n ti ṣẹ́, tí wọ́n ti fi pín dì. Kí ẹnìkan láti ìdílé ọkọ ka orúkọ àti ipò, kí ẹnìkan nílé ìyàwó tó gbọ́ Yorùbá ka oríkì sókè. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí i ni kí wọ́n tẹ ìyókù. Bí ẹ bá ń kó ẹrù, ẹ ṣí ẹ̀dà bíi mẹ́wàá láti oríṣiríṣi páálí, torí ojú ìwé tó dojú délẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ sì gba fáìlì PDF àti ti CorelDRAW sórí flash ọjọ́ yẹn gan-an. Nígbà ìrántí ọdún kan, dìsáínà lè ti pa á rẹ́.