Páálí Starter Set ti Dungeons & Dragons: ó rọrùn fún gbogbo wa, àfi ẹni tó ń darí eré

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ nípa Dungeons & Dragons ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù òfin rẹ̀ ń bà yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Eré ìtàn ni, ẹnu la fi ń ṣe é nídìí tábìlì. Ó ti wà láti 1974, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìwé ńlá mẹ́ta ni àwọn tó ti wọ inú rẹ̀ tán sábà máa ń ní nílé. Èmi ò ra ìkankan nínú wọn. Páálí Starter Set (ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀) tí Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré náà, gbé jáde ní 2014 ni mo rà, òun ni mo sì fi kọ́ àwọn ará ilé wa ní Birmingham: ìyàwó mi, àbúrò mi ọkùnrin, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú wọn.

Eré yìí kò ní bọ́ọ̀dù, ẹnì kan kì í sì í borí ẹnì kejì. Ẹni tó ń darí jókòó bí apàlọ́, ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn yòókù ń sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tiwọn fẹ́ ṣe. Bí ohun tí o fẹ́ ṣe kò bá dájú, wàá ju dáìsì olójú ogún, wàá fi nọ́ńbà tó wà lórí bébà rẹ kún un, a ó sì wò ó bóyá ó tó. Bí ọ̀nà bá là fún ọ dáadáa, dáìsì méjì ni wàá jù, wàá mú èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí lè bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí ni ìwé òfin olójú-ewé 32, ìwé ìtàn olójú-ewé 64, dáìsì mẹ́fà, àti bébà ẹ̀dá-ìtàn márùn-ún tí wọ́n ti kọ nǹkan sí tán. $19.99 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde. Lójú tèmi, bébà márùn-ún yẹn nìkan tó owó náà. Jagunjagun méjì ló wà níbẹ̀, oṣó kan tó jẹ́ elf (ẹ̀dá inú ìtàn Òyìnbó tó jọ iwin), àlùfáà kan tó jẹ́ aràrá, àti halfling (ẹ̀yà ènìyàn kúkurú) kan tó mọ olè í jà. Bí ẹ bá ní kí ẹni tí kò ṣe é rí yan ẹ̀yà, iṣẹ́, ọfọ̀ àti ohun ìjà kó tó ju dáìsì kankan, oorun á ti máa kùn ún. Níbí, bébà kan ṣoṣo ló máa mú. Wọn ò kọ orúkọ sí i, ẹni tó mú un ló máa sọ ọ́ lórúkọ. (Bàbá Kékeré ni àlùfáà aràrá tiwa, ẹ má bi mí nídìí.) Ẹ̀yìn bébà ń sọ ohun tó gbé ẹ̀dá náà dé ojú ọ̀nà: ìbátan ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ni aràrá yẹn, halfling sì ní ẹ̀san tó fẹ́ gbà lára àwọn jàǹdùkú kan. Àbúrò mi, tí kì í ka ìwé ìlò ẹ̀rọ kankan, ka ẹ̀yìn bébà tirẹ̀ délẹ̀.

Ìtàn náà kì í fi àkókò ṣòfò. Ẹ ń kó ẹrù lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Phandalin, ẹ bá òkú ẹṣin méjì lójú ọ̀nà, ọfà wà lára wọn. Goblin mẹ́rin, ẹ̀dá kékeré oníwà ibi, ló lúgọ sínú igbó. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọfà goblin kan ṣoṣo lè gba tó ẹ̀mí mẹ́jọ (ẹ̀mí ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìyà tí ẹ̀dá kan lè jẹ kó tó ṣubú ṣe pọ̀ tó), oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ṣubú kó tó pe ọfọ̀ kan. Ìwé náà sọ pé bí goblin bá borí, wọ́n á kó ẹrù lọ, wọn ò ní pa yín. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Bí ọmọdé bá wà nídìí tábìlì, goblin méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó jáde.

Ohun tó wù mí jù wà nínú ihò àwọn goblin. Ìyàwó mi kò fẹ́ jà rárá, ó fẹ́ dúnàádúrà. Ìwé sì ti rò ó sílẹ̀: goblin kan wà níbẹ̀, Yeemik, tó mú ẹnì kan ní ìgbèkùn, tó sì fẹ́ kí ẹ bá òun pa ọ̀gá òun kó tó tú u sílẹ̀. Ìyàwó mi yọwó ọ̀rọ̀ náà bí ẹni wà ní ọjà Dùgbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni kò ti tún béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ pé ṣé òun lè ṣe báyìí.

Ẹni tó ń darí ni wọn ò tù lára tó. Àwọn yòókù ka bébà kan, òun á ka ìwé méjèèjì. Apá kìíní ìtàn ń mú un lọ́wọ́ dání, ó tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó máa kà sókè fún wọn. (Yorùbá la fi ń ṣe tiwa, nítorí náà mo máa ń kà á sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.) Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di apá kẹta, ilẹ̀ á fẹ̀ lójijì: ibi tí ẹ lè lọ pọ̀, ẹ lè gba ibi tó bá wù yín. Ọ̀kan nínú wọn ni Thundertree, níbi tí dírágónì tó ní ẹ̀mí 136 ń gbé. Kí olùdarí jẹ́ kí ará ibẹ̀ kan kìlọ̀ fún wọn, kí ìkìlọ̀ náà sì ṣe kedere.

Páálí yìí kò kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fi ọwọ́ ara yín ṣẹ̀dá ẹ̀dá-ìtàn. Ìyẹn wà nínú Basic Rules, ìwé òfin kan tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014. Láti 2023 sì ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ òfin eré náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, ẹnikẹ́ni lè lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òfuurufú lórí páálí. Google gan-an lè bá yín ju dáìsì.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, Essentials Kit, páálí mìíràn ti 2019, ló máa wúlò fún yín, torí ó ní òfin fún ọmọlẹ́yìn tó ń bá ẹni kan ṣoṣo rìn. Páálí Starter Set mìíràn jáde ní 2022, ìtàn tirẹ̀ kúrú ju ti 2014 lọ. Bí ẹ bá tó márùn-ún, tí ẹnì kan nínú yín sì fẹ́ràn ìwé kíkà, ti 2014 ni kí ẹ wá, kódà bó jẹ́ àlòkù.