Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru: gbọ̀ngàn ni àbí rédíò?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdọọdún, tí í ṣe Ọjọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lágbàáyé, àwọn dókítà a máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nípa àìsàn yìí.

Rédíò ló ń dé ibi tó jìnnà jù. Ìyá tó ń ta ata á gbọ́ ọ láì kúrò nídìí ọjà, lédè Yorùbá tó yé e yékéyéké.

Àmọ́ rédíò ò lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn gbọ̀ngàn jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Ní gbọ̀ngàn, nọ́ọ̀sì á wọn tìẹ níbẹ̀. Bó bá tó 140/90, wọ́n á ní kó o tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó fi sọ pé àìsàn ti dé.

Owó ọkọ̀ ni ìṣòro, àti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn olùbánisọ̀rọ̀ kan kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyẹn ń dùn mí gan-an. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá tíì wọn ìfúnpá rẹ̀ rí, gbọ̀ngàn ni kó lọ.